Báálì Tí Wọ́n Fi Sílẹ̀

Bí o bá fẹ́ mọ irú èèyàn tí Odiel Maelfeyt jẹ́, o ò ní bi í léèrè ìgbésí ayé rẹ̀. Ohun tí ẹyẹlé rẹ̀ jẹ lánàá ni wàá bi í. Á ti fìlà sẹ́yìn orí, á fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu, ó di wákàtí kan gbáko kó tó dákẹ́.

Ilé iṣẹ́ ọ̀gbọ̀ ló ti ṣiṣẹ́, létí odò Leie, nítòsí ààlà ilẹ̀ Faransé, láti ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Ibi tí wọ́n ti ń lu igi ọ̀gbọ̀ kó lè di òwú aṣọ ló dúró sí fún ọdún méjìdínlógójì, níbi tí eruku ti ń bo ojú èèyàn bí ìyẹ̀fun. Elodie ìyàwó rẹ̀ kú nígbà tí Marnix, ọmọ wọn kan ṣoṣo, wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án. Odiel ò fẹ́ ẹlòmíràn. Ó ní ọgọ́ta ẹnu ni òun ń bọ́, obìnrin wo ló máa gbà láti ṣe ìkọkànlélọ́gọ́ta?

Ẹyẹlé ni ọgọ́ta ẹnu náà. Kì í ṣe èyí tí wọ́n ń sè lọ́bẹ̀ o. Ẹyẹlé eré ìje ni. Lọ́jọ́ Ẹtì wọ́n á kó wọn sínú apẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ á gbé wọn wọ ilẹ̀ Faransé lọ, wọ́n á tú wọn sílẹ̀ láàárọ̀, èyí tó bá kọ́kọ́ délé ló borí. Gbogbo abúlé náà ló ń ṣe é. Lọ́jọ́ Ìsinmi, wàá rí àwọn baálé ilé nínú ọgbà wọn, ọrùn wọn nà sókè, bí ẹni tó ń retí kí ojú ọ̀run ya. Obìnrin kankan ò gbọ́dọ̀ sá aṣọ funfun sórí okùn lọ́jọ́ náà, kí ẹyẹ má baà rí i kó bẹ̀rù àtibà.

Odiel ò ga, kò sì sanra. Ọ̀rọ̀ tó ní kò pọ̀, ó sì máa ń lò wọ́n títí wọ́n á fi gbó. "Ẹni tó ń bọ́ ẹyẹ, òun gan-an ló ń sáré." Ọ̀kan nìyẹn. Èyí tó ga jù ni ti báálì.

Nínú gbogbo ọkà, báálì ni ẹyẹlé ò kà sí. Bí o bá da àdàlù ọkà sínú ọpọ́n, wọ́n á kọ́kọ́ ṣa àgbàdo, wọ́n á ṣa ẹ̀wà, wọ́n á ṣa àlìkámà, báálì ló máa gbẹ̀yìn. Ìgbà tí wọ́n bá wá ń fi báálì sílẹ̀, tí ọ̀kan nínú wọn sì yí ẹ̀yìn padà lọ síbi omi, wọ́n ti yó nìyẹn. Gbé ọpọ́n kúrò. Má fi ẹyọ kan kún un.

"Ojú ò mọ ebi ẹyẹ," Odiel á wí. "Ọwọ́ ò mọ̀ ọ́n. Báálì ló mọ̀ ọ́n."

Marnix ti mọ ọ̀rọ̀ yìí lórí kó tó mọ A-B-D. Kò sì ka ìwé púpọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ló wà tó kúrò nílé ẹ̀kọ́, tó lọ ń kó bíríkì.

Odiel ní oṣù kìíní kì í ṣe oṣù, ààwẹ̀ ni. Nígbà òtútù, tí etí odò bá ń dì, báálì nìkan ni àwọn ẹyẹ ń jẹ, akọ lọ́tọ̀, abo lọ́tọ̀. Wọ́n á máa wo Odiel bí ẹni tó jà wọ́n lólè. Kamiel Bossuyt kì í sì í jẹ́ kó gbádùn. Kamiel ni aládùúgbò rẹ̀, ògiri kan ló là wọ́n láàárín. Alápatà ni, ọlọ́wọ́ ńlá, òun ni olórí ẹgbẹ́ ẹlẹ́yẹlé abúlé, òun sì ni ọ̀rẹ́ Odiel láti kékeré. Á gbé orí rẹ̀ lé ògiri.

"Odiel! O fẹ́ pa àwọn ọmọ ọlọ́mọ? Mo ń gbọ́ ikùn wọn láti orí ibùsùn mi."

"Ikùn tìẹ lò ń gbọ́. Lọ jẹun."

"Àwọn ẹyẹ tèmi ti jẹ àgbàdo láàárọ̀ yìí."

"Mo rí wọn lórí òrùlé. Mo rò pé o ti bẹ̀rẹ̀ sí í sin adìyẹ."

"Wàá rí wọn nígbà eré."

"Níbo? Ṣebí ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn bọ̀ láti Faransé. Àwọn aṣọ́bodè ti mọ̀ wọ́n lórúkọ."

Kamiel á rẹ́rìn-ín títí ikọ́ á fi mú un. Bí ọ̀rọ̀ wọn ṣe máa ń rí nìyẹn, láti ọdún dé ọdún.

Ní àárín oṣù kejì, Odiel á so takọtabo pọ̀. Ó ń fi ẹ̀wà kún oúnjẹ nígbà náà, ó ní ìyàwó kì í wọ ilé tí ìkòkò ti ṣófo. Bí ẹyin bá pa, takọtabo ẹyẹlé ló ń sun nǹkan funfun kan láti ọ̀nà ọ̀fun bọ́ ọmọ, wàrà ni wọ́n ń pè é. Ìdí nìyẹn tí orúkọ ẹlẹ́yẹlé ní èdè ibẹ̀ fi ń jẹ́ Afúnwàrà-Ẹyẹlé. Odiel fẹ́ràn orúkọ náà. Bí àlejò bá bi í níṣẹ́ tó ń ṣe, kò ní sọ pé ọ̀gbọ̀ ni òun ń lù.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí eré bá dé, oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan á pín sí méjì. Ẹyẹ tó bá dé lọ́jọ́ Ìsinmi, báálì ló máa bá nílé. Báálì lọ́jọ́ Ajé, báálì lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Tó bá di Ọjọ́rú, àgbàdo á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ ọ́, á pọ̀ sí i ní Ọjọ́bọ̀, títí wọ́n á fi kó wọn lọ lọ́jọ́ Ẹtì. "Àgbàdo lèédú," Odiel á wí. "Wọn kì í da èédú sínú ẹ̀rọ tí kò rìn." Báyìí ni akọ rẹ̀ kan tó ń jẹ́ Eérú ṣe kọ́kọ́ dé ṣáájú gbogbo ẹyẹ àgbègbè náà nígbà mẹ́ta láàárín ọdún kan. Odiel ò pariwo. Ó kàn ń rìn gba iwájú ilé Kamiel kọjá ju bó ṣe yẹ lọ.

Bí eré bá parí ní ìparí oṣù kẹjọ, àwọn ẹlòmíràn á sinmi. Wọ́n á da ohun tó bá wà nílẹ̀ fún ẹyẹ. Odiel ní ìgbà yẹn ni iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìgbà ìwọ́wé ni ẹyẹlé ń bọ́ ìyẹ́ àtijọ́ tó ń hu tuntun, ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ ló sì fi ń hu ú. Odiel á fún wọn ní gbogbo nǹkan: àgbàdo, ẹ̀wà, àlìkámà, báálì, àti kóró ọ̀gbọ̀ tó ń fi àpò ṣòkòtò kó wálé láti ibi iṣẹ́. Kóró náà ń mú ìyẹ́ dán bí ẹni fi òróró pa á.

"Ìgbà aṣọ dídá rè é," á wí. "Èyí tí wọ́n bá rán báyìí ni wọ́n máa wọ̀ sáré lọ́dún tó ń bọ̀."

Nítorí bí ebi tàbí àìsàn bá mú ẹyẹ nígbà náà, ọjọ́ méjì péré, ibi tí ìyẹ́ rẹ̀ dàgbà dé lọ́jọ́ náà á tín-ín-rín, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan á gba àárín rẹ̀ kọjá. Ilà ebi ni wọ́n ń pè é. Kò ṣeé nù, kò ṣeé pa rẹ́, àfi bí ìyẹ́ náà bá já lọ́dún mìíràn. Ìyẹ́ mẹ́wàá ló sì gùn jù lápá, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń já, wọn kì í fò lórí ara wọn. Ẹni tó mọ̀ ọ́n kà á kàn na apá náà, á sọ oṣù tó ṣẹlẹ̀ fún ọ. Ilà ojú ń sọ ibi tí èèyàn ti wá. Ilà ìyẹ́ ń sọ ọ̀sẹ̀ tí wọ́n gbàgbé ẹyẹ.

Ọdún tí Marnix pé mẹ́tàlélógún, eruku ọ̀gbọ̀ tí Odiel ti fà símú láti kékeré dìde sí i. Ó ń wú ikọ́ títí ètè rẹ̀ á fi dúdú. Dókítà ní kó lọ sí ilé ìwòsàn ní Kortrijk kó lọ dùbúlẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án ni, ìyẹ́ ń fò káàkiri ọgbà bí òwú. Ó ti jókòó sínú ọkọ̀ aládùúgbò kan tó fẹ́ gbé e lọ, kò jẹ́ kí wọ́n tilẹ̀kùn.

"Kóró ọ̀gbọ̀ ńkọ́?"

"Ṣíbí kan nírọ̀lẹ́, Bàbá. Ẹ ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹfà."

"Omi?"

"Lójoojúmọ́."

"Sọ ti báálì."

"Bàbá, ọkọ̀ ń dúró dè yín."

"Kó dúró. Sọ ọ́."

"Bí wọ́n bá fi báálì sílẹ̀, wọ́n ti yó."

"Ó dáa. Mo lè lọ kú báyìí."

"Ẹ yé sọ bẹ́ẹ̀ o."

"Eré ni mò ń ṣe. Ọ̀gá, wakọ̀ ká lọ."

Ọjọ́ mẹ́wàá ni Marnix fi ṣe gbogbo rẹ̀ bó ṣe yẹ. Láàárọ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́ bíríkì, nírọ̀lẹ́ tó bá dé. Ó lọ wo bàbá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà ni Rosette sọ̀rọ̀.

Rosette ń ta búrẹ́dì ní ìlú kejì. Láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni Marnix ti ń ra búrẹ́dì tí òun àti bàbá rẹ̀ ò lè jẹ tán. Ó ní àǹtí kan tó ní yàrá lẹ́bàá òkun ní Blankenberge, ó sì fẹ́ kí òun àti Marnix lọ lo ọjọ́ mẹ́ta níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ bíríkì sì ti tì fún ọjọ́ mélòó kan nítorí ọdún abúlé.

"Ṣé ẹyẹlé lò ń fẹ́ ni àbí èmi?" Rosette bi í. Ẹ̀rín ló fi sọ ọ́, àmọ́ ó dúró de èsì.

Marnix rò ó. Bó bá da àdàlù ọjọ́ mẹ́ta kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, àwọn ẹyẹ á ṣa àgbàdo jẹ ní ọjọ́ kan, wọ́n á bàjẹ́. Ṣùgbọ́n kò sí ẹyẹ tó ń fi báálì wọ̀bìà. Bí ọpọ́n bá kún fún báálì, wọ́n á jẹ ìwọ̀n tó tó wọn, wọ́n á fi ìyókù sílẹ̀. Ó dà bí ọgbọ́n lójú rẹ̀. Ó da báálì kún ọpọ́n dé etí, ó pọn omi sínú àwo ńlá, ó lọ lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì.

Ì bá gbé orí lé ògiri kó pe Kamiel. Ìṣísẹ̀ mẹ́wàá ni. Kò pè é, torí ó mọ̀ pé Kamiel á sọ fún Odiel.

Wọ́n jẹ edé, wọ́n jẹ ọ̀dùnkún díndín nínú ìwé, wọ́n bọ́ bàtà rìn nínú omi tútù. Ọjọ́ mẹ́ta. Èyí tó wá ń dun Marnix jù lẹ́yìn náà kì í ṣe pé ó lọ. Ì bá fẹ́ sọ pé ọkàn òun wà nílé. Kò sí nílé. Kò rántí ẹyẹ kankan. Inú rẹ̀ dùn gan-an.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé ló dé. Ilẹ̀ ò tíì ṣú. Ó ṣí fèrèsé kékeré tí wọ́n ń gbà da oúnjẹ, ó na ọwọ́ wọlé, ó fọwọ́ kan báálì. Ó kún dé etí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ìgbà tó fi í sílẹ̀.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó sọ ọ́ jáde, òun nìkan nínú ọgbà: "Wọ́n yó."

Ó wọlé lọ sùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló tó gbé àdàlù lọ, tó ṣí ilẹ̀kùn gan-an. Wọn ò fò pàdé rẹ̀. Wọ́n jókòó sórí igi wọn, ìyẹ́ wọn rí jákujàku, ojú wọn ti wọnú. Àwo omi ti dojú dé. Bóyá akọ méjì ló jà níbẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì gan-an, kò sẹ́ni tó mọ̀. Ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ti gbẹ táútáú. Ẹyẹ méjì nínú àwọn ọmọ ọdún náà ti kú sí kọ̀rọ̀, orí wọn wà lábẹ́ àwo náà, bí ẹni tó fẹ́ gbé e.

Ẹyẹlé tí kò bá rí omi mu kì í gbé ọkà mì. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ ní gbogbo abúlé náà.

Marnix kúnlẹ̀ sínú ìgbẹ́ ẹyẹ, ó ń fún wọn lómi díẹ̀díẹ̀ kí wọ́n má baà mu ún kú. Kò lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ó gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìn ilé, ó sin méjì náà. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kan kọjá, àwọn tó kù ń dán, wọ́n ń fi apá gbá ara wọn, wọ́n ń fi báálì sílẹ̀ bó ṣe yẹ. Ó rò pé ó ti tán.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó pé, ó ti lọ wo bàbá rẹ̀ ní Ọjọ́rú, ọjọ́ kejì gan-an tó bá wọn bẹ́ẹ̀. Odiel ti ń wo ẹnu ọ̀nà.

"Ẹyẹ ńkọ́?"

"Wọ́n wà, Bàbá."

"Ṣé wọ́n ń fi báálì sílẹ̀?"

"Wọ́n fi sílẹ̀."

"Púpọ̀?"

"Ọpọ́n kún."

Odiel yí orí sí bàbá arúgbó tó wà lórí ibùsùn kejì, ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa ẹyẹ. "Ṣé o gbọ́? Ọmọ mi nìyẹn. Mo wà níbí, àwọn ẹyẹ mi sì yó."

Kò sí irọ́ kankan nínú gbogbo ohun tí Marnix sọ. Ó ń rò ó nínú rélùwéè títí ó fi délé.

Ní oṣù kọkànlá, àwọn dókítà ní kí Odiel máa lọ sílé. Gbogbo èèyàn mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Marnix tẹ́ ibùsùn fún un ní yàrá iwájú, lẹ́bàá sítóòfù. Ó ti di egungun. Ohun àkọ́kọ́ tó sọ kò ní ṣe pẹ̀lú ara rẹ̀.

"Gbé Eérú wá fún mi."

Marnix gbé e wá. Odiel fi ọwọ́ òsì di ẹyẹ náà mú, ó fi ọwọ́ ọ̀tún na apá rẹ̀ síta bí abẹ̀bẹ̀. Àtàǹpàkò rẹ̀ ń kọjá lórí ìyẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ó dé orí ìkẹsàn-án, ó dúró. Ó gbé apá náà síwájú fèrèsé. Ó tún fọwọ́ kàn án.

"Marnix."

"Bàbá."

"Kí ló ṣe wọ́n lóṣù kẹsàn-án?"

Òtítọ́ wà lẹ́nu rẹ̀. Ó wo ọwọ́ bàbá rẹ̀, ó wo bí awọ ara ṣe rọ̀ mọ́ egungun. Ó ní, "Ara wọn ò yá díẹ̀. Wọ́n yàgbẹ́ gbuuru. Ó ti lọ."

"Gbogbo wọn?"

"Gbogbo wọn."

"O ò sì sọ fún mi."

"Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ máa ronú."

Eérú ń yí orí kiri lọ́wọ́ Odiel.

"Kóró ọ̀gbọ̀ ni," ó wí níkẹyìn. "Àpò tí mo kó wálé kẹ́yìn. Ó tutù lọ́wọ́ mi nígbà tí mo bù ú. Mo ní atẹ́gùn á gbẹ ẹ́. Mo mọ̀ pé ó tutù, mo sì dà á sílẹ̀ fún wọn." Ó dá apá ẹyẹ náà padà pẹ̀lẹ́. "Èmi ni mo fún wọn ní májèlé."

"Rárá, Bàbá, kì í ṣe…"

"Má bá mi jiyàn. Ìyẹ́ kì í purọ́."

Ọ̀rọ̀ kan ló kù láti sọ. Marnix gba ẹyẹ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ó gbé e padà, ó lọ gbé kọfí kaná.

Ọjọ́ méjìdínlógún ni Odiel lò lẹ́yìn ìyẹn. Kò sí ọjọ́ tí kò dárúkọ àpò ọ̀gbọ̀ náà. Nígbà mìíràn á jí lójú oorun, á ní, "Ó yẹ kí n sá a." Lọ́jọ́ kan ó ní kí wọ́n pe Kamiel. Marnix wà ní ilé ìdáná, ilẹ̀kùn ò tì.

"Bí mo bá kú, wọ́n á tà wọ́n ní gbàǹjo," Odiel wí. "Kó tó bẹ̀rẹ̀, ìwọ dìde. Sọ fún wọn pé àìsàn wọ ilé mi lóṣù kẹsàn-án. Sọ pé ọwọ́ mi ló ti wá. Mi ò ní ta àrùn fún aládùúgbò mi."

"Odiel, ta ló ń ronú ìyẹn báyìí?"

"Èmi. Búra."

Kamiel búra. Ó gba ilé ìdáná kọjá nígbà tó ń lọ, ó na ọwọ́ sí èjìká Marnix. Marnix rò pé ọwọ́ náà máa jó òun.

Odiel kú ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejìlá, ní àsìkò tí wọ́n máa ń fún ẹyẹ lóúnjẹ àárọ̀. Marnix ò sí lẹ́bàá rẹ̀. Ó wà lẹ́yìn ilé pẹ̀lú agolo báálì lọ́wọ́.

Kò lè máa tọ́jú àwọn ẹyẹ náà lọ. Nígbàkigbà tó bá wọ ilé ẹyẹ, wọ́n á fò wá bá a, wọ́n á bà lé èjìká rẹ̀, wọ́n á máa ṣa ọkà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni tí kò rántí nǹkan kan. Ìyẹn gan-an ni kò lè fara dà. Ó sọ fún Kamiel pé kí wọ́n tà wọ́n.

Ilé ọtí obìnrin kan tó ń jẹ́ Zulma ni wọ́n ti ń lu ẹyẹ olóògbé ní gbàǹjo. Ọjọ́ Ìsinmi kan ní oṣù kìíní, lẹ́yìn ìsìn Máàsì, Marnix fi ọmọlanke kó apẹ̀rẹ̀ méje lọ. Ilé kún, èéfín tábà ń dí ojú. Hektor, ẹni tó ń lu gbàǹjo, ti dúró sórí àpótí, òòlù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kamiel dìde. Ó ṣí fìlà. Ó sọ ohun tí Odiel ní kó sọ, kò fi kún un, kò yọ níbẹ̀.

Àga ń lọ sẹ́yìn. Ọkùnrin kan mú ẹyẹ kan láti inú apẹ̀rẹ̀, ó na apá rẹ̀, ó kà á.

"Ìkẹsàn-án. Òun rè é."

"Èyí náà nìyẹn."

"Èyí náà. Gbogbo wọn ni."

"Gbé e padà síbẹ̀, ẹ lọ fọwọ́. Mo ní ẹyẹ nílé o."

Hektor fi òòlù kan tábìlì. "Ẹyẹ Odiel Maelfeyt. Ọmọ Eérú wà nínú wọn. Ta ló máa pe owó?"

Kò sẹ́ni tó pè é.

"Ta ló máa pe nǹkan kan?"

Ẹnìkan láti ẹ̀yìn ní, "Kamiel, alápatà ni ẹ́. Iṣẹ́ dé." Àwọn kan rẹ́rìn-ín, wọ́n sì dákẹ́. Kamiel ò rẹ́rìn-ín.

"Odiel sọ ìyẹn náà," ó wí. "Ó ní bí ẹ ò bá rà wọ́n, kí n fún wọn lọ́rùn kíákíá, kí wọ́n má jìyà. Lónìí."

"Odiel!" bàbá arúgbó kan wí, ó ń mi orí. "Odiel tó ń ka ẹyọ báálì! Òun ló fi kóró tútù bọ́ ẹyẹ?"

"Ogbó ni."

"Ogbó kọ́. Ahun ni. Ọ̀gbọ̀ ọ̀fẹ́ ilé iṣẹ́. Èèyàn á fi ọ̀fẹ́ pa ara rẹ̀."

"Kì í ṣe àrùn," Marnix wí.

Kò sẹ́ni tó gbọ́. Ó dìde.

"Kì í ṣe àrùn. Kóró ọ̀gbọ̀ kọ́. Òǹgbẹ ni."

"Sọ̀rọ̀ sókè, ọmọ Odiel," Hektor wí.

Ó sọ̀rọ̀ sókè. Kò mọ ọ̀rọ̀ í tò, ó kàn ń sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Pé òun lọ sí òkun. Pé òun da báálì kún ọpọ́n. Pé omi dà nù. "Mo dé, mo na ọwọ́ wọlé, báálì kún. Mo ní wọ́n ti yó. Mo sùn. Ilẹ̀ mọ́ kí n tó rí i. Ẹyẹ méjì kú, mo sin wọ́n. Bàbá mi bi mí, mo purọ́ fún un pé àìsàn ni. Òun fúnra rẹ̀ ló wá di ẹ̀bi ru kóró ọ̀gbọ̀. Àrùn ò wọ ilé wa rí. Ẹyẹ náà mọ́."

Ọ̀rọ̀ náà yé gbogbo ilé. Ó yé wọn jù. Kò sí ẹnìkan níbẹ̀ tí bàbá rẹ̀ ò kọ́ ní ọ̀rọ̀ báálì, tí òun náà ò sì fi kọ́ ọmọ.

"Wọ́n fi báálì sílẹ̀," bàbá arúgbó yẹn wí jẹ́jẹ́. Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó wò ó, ó tún dé e.

Kamiel ò tíì jókòó. "Ògiri kan ló là wá láàárín," ó wí. "O ò lè pè mí?"

"Ẹ̀ bá sọ fún un, Bàbá Kamiel."

"Màá sọ fún un mọ̀nà!"

"Ìdí rẹ̀ nìyẹn."

"Ó sì kú láìmọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Àpò ọ̀gbọ̀ yẹn wà lọ́rùn rẹ̀ títí ó fi kú. Mo jókòó tì í. Mo gbọ́ ọ."

"Èmi náà gbọ́ ọ."

Hektor wú ikọ́. Ó wo òòlù ọwọ́ rẹ̀. "Bó bá rí bẹ́ẹ̀," ó wí, "ẹyẹ náà mọ́."

Ọkùnrin kan láti òdìkejì odò ló kọ́kọ́ dìde. Ó la ẹnu ẹyẹ kan, ó wo ọ̀fun rẹ̀, ó fi ọwọ́ tẹ egungun àyà, ó mi orí sókè-sódò. Ó pe owó. Ẹlòmíràn pe owó lé e. Kò pẹ́ tí ilé fi ń pariwo. Wọ́n ra gbogbo wọn, títí kan àwọn abo àgbàlagbà tí kò sáré mọ́. Eérú bá ọkùnrin òdìkejì odò lọ. Bí wọ́n ṣe ń kó wọn sínú apẹ̀rẹ̀ tiwọn, wọ́n ń na apá wọn han ara wọn.

"Kí nìyẹn?" ẹnìkan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé bi wọ́n.

"Ilà Marnix ni," wọ́n dá a lóhùn.

Marnix dúró sójú kan, ó gbọ́ ọ. Orúkọ náà kò ní kúrò ní abúlé mọ́, ó mọ̀. Zulma gbé bíà kan síwájú rẹ̀, kò wo ojú rẹ̀, ó kọjá lọ.

Nígbà tí ilé dá, Kamiel bá a gbé àwọn apẹ̀rẹ̀ òfìfo síta, ó ń bá a fi okùn dè wọ́n mọ́ ọmọlanke. Òtútù mú, èémí wọn ń yọ bí èéfín. Ó ti ku ìdì okùn kan.

"Ká ní o sọ fún un," Kamiel wí, "á bú ọ fún ọ̀sẹ̀ kan. Kò sí orúkọ tí kò ní pè ọ́. Á ní kí o jáde nílé. Ní ọjọ́ kẹjọ á ní, kí lo dúró ń wò níbẹ̀, jókòó, á sì bu kọfí fún ọ. Ẹni tí Odiel jẹ́ nìyẹn. O ò mọ̀ ni?"

"Mo mọ̀."

"Ìgbà wo lo mọ̀?"

"Lọ́jọ́ náà. Kí n tó purọ́ fún un."

Kamiel wò ó. Ó fi okùn sílẹ̀ lọ́wọ́. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ẹ̀wù, ó padà sínú ilé ọtí, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Marnix fúnra rẹ̀ ló so ìdì tó kù. Ó di ọmọlanke mú, ó ń tì í lọ sílé lójú òpópó olókùúta, àwọn apẹ̀rẹ̀ òfìfo náà ń gbá ara wọn níwájú rẹ̀.